Bàbá Àgbà Kò Kí Ọkọ̀ Ojú Omi

Nílé wa ní Kàbà, kí a tó wo ohun tuntun dáadáa ni a ti máa ń kí ẹni tó rà á. Ìbáà ṣe bàtà, ìbáà ṣe rédíò, ìbáà ṣe ewúrẹ́ tó ń tiro, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará ilé ni, "Ẹ kú oríire o, ẹ̀mí á lò ó, ẹ ó lò ó gbó." Ẹ̀yìn ìyẹn ni ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kí nǹkan ti ṣàdúrà sí i lórí, kò sì sí bó ṣe fẹ́ tún yí ẹnu pa dà pé ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà kò gún. Á kàn máa wo ewúrẹ́ bó ṣe ń tiro lọ, á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí mo ti dàgbà, n kò sì lè sọ pé àṣà gbogbo ilẹ̀ Okun ni, nítorí mo mọ ilé kan ní Ìyàrá tó jẹ́ pé ìbéèrè ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ilé tiwa nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí. Ọdún tí mo sì mọ ewu tó wà nínú kíkí náà ni ọdún tí ọkọ̀ ojú omi wọ àgbàlá wa.

Kí n tètè sọ ọ́: kò sí odò kan ní Kàbà tí ọkọ̀ oníẹ́ńjìnnì lè rí àyè yí ara rẹ̀ pa dà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni bàbá mi ń ṣe, iṣẹ́ náà ló sì gbé e dé ẹ̀bá Odò Ọya lọ́jọ́ kan, tó fi rí bí àwọn èèyàn ṣe ń kó iṣu gba orí omi lọ sí Lọ́kọ́ja. Nígbà tó fi máa délé, ó ti pinnu pé òun náà á ní ọkọ̀ ojú omi. Ó ní nígbà òjò, tí mọ́tò kò bá lè gba ọ̀nà ìhà Òkè-Bùkún mọ́, tí iṣu ń jẹrà mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó bá ní ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n máa wá bá. Ó ní Dàpọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ni yóò máa wà á. Dàpọ̀ kò mọ omi wẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ omi wẹ̀ nílé wa. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ti gun ọkọ̀ ojú omi rí lẹ́ẹ̀kan, ìyá mi sì sọ fún wa pé ojú dídì ló fi sọdá.

Ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé, kò bínú sí odò. Ohun tó ń bà á lọ́kàn jẹ́ ni pé bàbá mi fẹ́ fi píkọ́ọ̀pù wa ṣe pàṣípààrọ̀ ọkọ̀ náà. Píkọ́ọ̀pù yẹn ni Ìyé fi ń kó gààrí àti epo lọ sí ọjà Ìfẹ̀ẹ́ àti Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀. Ó ti gbó, òótọ́ ni. Ìró tó máa ń jí wa láàárọ̀ nílé wa kì í ṣe ti àkùkọ: ikọ́ Bàbá Àgbà, àbúrò bàbá bàbá mi, ni, ìró ọ̀pá rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Ìyé á pariwo pé, "Ẹ jáde wá tì í o!" Gbogbo wa á sì jáde pẹ̀lú ẹnu àìfọ̀, a óò ti píkọ́ọ̀pù náà láti ìdí máńgòrò títí dé ojú títì kó tó jí. Síbẹ̀, bó bá ti jí, kì í kú mọ́ títí Ìyé fi máa ti ọjà dé. Ìyé máa ń sọ pé ẹsẹ̀ òun nìyẹn. Bí wọ́n bá mú un lọ, orí ni òun á máa fi ru gààrí.

Ẹni tó ni ọkọ̀ ojú omi náà ni Bọ̀dá Sàlíù, ará Lọ́kọ́ja kan tí òun àti bàbá mi jọ lọ sí ilé ìwé ní Kàbà nígbà èwe wọn. Ọkùnrin tó lẹ́nu dídùn ni, tó máa ń búra kí ẹnikẹ́ni tó ní òun kò gbà á gbọ́. Ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ akẹ́rù kan bá a gbé e wá. Ó ní kí a fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa títí di ọjọ́ Ìsinmi, kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá tẹ́ wa lọ́rùn, òun á wá mú píkọ́ọ̀pù lẹ́yìn ìsìn. Bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, òun á gbé ọkọ̀ òun. Ó sì sọ fún wa níbi tó yẹ kí a wò, n kò lè fi ìyẹn dù ú. Ó fọwọ́ lu ìdí ọkọ̀ náà, níbi tí ẹ́ńjìnnì rọ̀ sí.

"Fáíbà ni gbogbo ara rẹ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n pátákó wà nínú ìdí ibí yìí. Òun ló ń gbé ẹ́ńjìnnì. Bí omi bá ti wọ pátákó ìdí ọkọ̀, ọkọ̀ ti tán, ẹ́ńjìnnì á já bọ́ sódò lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n èyí? Wàlláhì, bí òkúta ni. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Bàbá mi ní òun á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Lọ́jọ́ náà gan-an ló lọ sọ fún Pásítọ̀ pé kí ó wá ya ọkọ̀ náà sí mímọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ó gbé imú ọkọ̀ náà sókè lórí táyà tí wọ́n tò léra wọn, kí àwọn tó ń kọjá lójú títì lè rí i, ó sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Wọ́n á kí wa bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa: "Okun o! Ẹ kú oríire o! Ọkọ̀ á rìn, ọkọ̀ á bọ̀!" Bàbá mi á ní, "Àmín, báwo lẹ ṣe rí i?" Wọ́n á ní, "Ó dára gan-an ni." Bí ilẹ̀ bá ṣú, á máa ka orúkọ àwọn tó ti ní ó dára fún Ìyé. Ìyé á ní, "Ta ni nínú wọn tó ti ní ọkọ̀ ojú omi rí?" Bàbá mi á ní ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀. Èmi Fúnkẹ́, tí mo wà ní pírámárì mẹ́rin nígbà náà, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì ń rò ó pé ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀.

Ìyé ló ranṣẹ́ pe kábíńtà àdúgbò. Ó ní ó kéré tán, onítọ̀hún mọ igi. Kábíńtà wọlé, kí Ìyé tó lanu, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sókè: "Ẹ kú oríire o! Ẹ̀mí á lò ó!" Ìyé gbá itan. Kábíńtà fi orí òòlù lu pátákó ìdí ọkọ̀ náà, ó sì dún.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ó ní. "Igi nìyẹn."

"A mọ̀ pé igi ni," Ìyé fèsì. "Ṣé igi tó dáa ni?"

Kábíńtà wo bàbá mi. Bàbá mi wo kábíńtà. "Igi ni," kábíńtà tún wí.

Lẹ́yìn tó lọ, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìdí ọkọ̀. Bàbá mi lù ú, ó ní ó ń dún kò-kò-kò. Ìyé lu ojú ibẹ̀ kan náà, ó ní pù-pù-pù lòun gbọ́, bí ìgbà tí èèyàn lu ìrọ̀rí. Dàpọ̀ ní ó ń dún bí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Fẹ́mi, àbúrò wa tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, fi orí lù ú, ó sì sunkún. Èmi náà yọ́ lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú ká. Ó jọ pù-pù-pù létí mi. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ bí ìdí ọkọ̀ tó dára ṣe ń dún rí, nítorí náà n kò mọ ohun tí mo lè fi wé e. Mo tún rò ó pé ẹ̀yìn Ìyé ni mo fẹ́ràn láti wà nígbàkigbà tí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé etí mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bá panu mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò kí ọkọ̀ náà. Bàbá Àgbà ni, òun sì ni àgbà ilé. Iṣu ló fi gbogbo ayé rẹ̀ gbìn. Tó bá lọ sọ́jà, ó lè dúró ti iṣu kan títí ẹni tó ń tà á fi máa bínú, á máa fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀, á máa gbóòórùn rẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Nígbà tí bàbá mi mú un wá síwájú ọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé náà pé, "Bàbá, ẹ wá bá mi yọ̀," ó yí ọkọ̀ náà ká, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Mo rí i." Ó sì pa dà lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Mo rí i! Bàbá mi gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò títí oúnjẹ alẹ́ fi tutù níwájú rẹ̀. Ṣé ó dà bí ìkíni? Ó bi Ìyé. Ìyé ní rárá, ó dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá rí mọ́tò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni, ètè gbogbo wa ti ya, ilẹ̀ àgbàlá gbẹ tó fi jẹ́ pé bí adìyẹ bá sáré, eruku á bò ó mọ́lẹ̀. Dàpọ̀ jí láti ti píkọ́ọ̀pù, ló bá rí i pé ilẹ̀ tutù lábẹ́ ìdí ọkọ̀. Ibi tó tutù náà kò ju àwo ọbẹ̀ lọ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ní òórùn kan.

"Bàbá! Ẹnì kan ti tọ̀ sídìí ọkọ̀ yín o!"

Bàbá mi sáré jáde láìtíì de okùn bàtà ọ́fíìsì rẹ̀. "Ọkọ̀ tí Pásítọ̀ fẹ́ yà sí mímọ́!" Gbogbo wa yí ojú sí Fẹ́mi lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé Fẹ́mi ló ń tọ̀ sórí ẹní, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀. Fẹ́mi kò bẹ̀rù. Ó nawọ́ sí ọgbà, níbi tí Ìyé ti sá ẹní rẹ̀ tó ń kán tótó.

"Èmi orí ẹní ni mo tọ̀ sí," ó ní. "Ẹ wò ó!"

Títí di òní, n kò tíì gbọ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gba ara rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa wo ẹní. Ó rin gbingbin. Kò sí bí ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè ní èyí tó máa ṣẹ́ kù fún ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n bá mú Bíngò, ajá wa, wọ́n so ó mọ́ ìdí máńgòrò. Bíngò fi gbogbo òru gbó pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdí ọkọ̀ tún tutù, ó sì fẹ̀ ju ti àná lọ.

Kò sí ẹni tó sọ pé bóyá ọkọ̀ ló ń jò. Mo ti bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀, ohun tí mo sì rò ni pé ará orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wá. Ohun tí a mọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi ni pé omi máa ń wọ inú rẹ̀ nígbà tó bá wà lórí odò. Pé omi lè fara pa mọ́ sínú pátákó, kó bá ọkọ̀ gun ọkọ̀ akẹ́rù láti Lọ́kọ́ja, kó sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ọyẹ́ ní Kàbà, ìyẹn kò lè wá sí ọkàn wa. Ìtọ̀ ni a mọ̀, ìtọ̀ náà ni a sì ń wá ẹni tó ni ín.

Dàpọ̀ ló rí i lọ́jọ́bọ̀. Ó wọlé bá wa nílé ìdáná, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní bí ilẹ̀ ṣe ń là, òun rí Bàbá Àgbà tó dúró kọjú sí ìdí ọkọ̀, tó tẹ orí ba, tó sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Ọwọ́ Ìyé dúró nínú ìkòkò. Ọwọ́ bàbá mi dúró lórí ẹ̀kọ.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ lo rí àbí iwájú?" Ìyé béèrè.

"Ẹ̀yìn ni."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn, a ò lè búra," Ìyé sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti búra.

"Àgbà ni," bàbá mi ní. "Ara àgbà kì í gbọ́ràn mọ́. Ta ló máa bá wọn sọ ọ́?"

"Bàbá yín ni."

"Ìwọ ni wọ́n fẹ́ràn jù."

Wọ́n tì í síra wọn bẹ́ẹ̀ títí ọbẹ̀ inú ìkòkò fi jóná. Níkẹyìn, Ìyé ra bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní ọjà, bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù tó ní ìdérí. Ó nù ún, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àgbà, ó ní, "Bàbá, mo ní kí n ra nǹkan yìí fún yín. Ọyẹ́ yìí ti pọ̀ jù, kí ẹ má baà máa jáde ní ìdájí."

Bàbá Àgbà yí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ká bó ṣe yí ọkọ̀ ká. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó wo inú rẹ̀. "Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

"Ohun tó bá ṣáà wù yín ni, Bàbá."

Inú Bàbá Àgbà dùn. Ó ṣàdúrà fún Ìyé, ó ṣàdúrà fún àwọn òbí Ìyé, ó sì kó àgbàdo tó fẹ́ gbìn ní ìgbà òjò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó dé e. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìdí ọkọ̀ tutù. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó tutù. Bàbá mi ń bu yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ bò ó kí àwọn tó ń wá kí i má baà rí i.

Iyán la jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, gbogbo wa sì jókòó lábẹ́ máńgòrò. Fẹ́mi gbé òkèlè, ó wo Bàbá Àgbà, ó ní, "Bàbá Àgbà, kí ló dé tí ẹ ò tọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí Ìyé rà fún yín? Ẹ ṣì ń tọ̀ sí ọkọ̀."

Mo rántí pé mo ka egungun ẹja tó wà níwájú mi bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa kà á. Bàbá mi ní kí Dàpọ̀ lọ bu omi wá, omi sì kún inú ife. Bàbá Àgbà kò dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ó jẹ iyán rẹ̀ tán, ó fọ ọwọ́, ó nu ọwọ́, ó wá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló sọ pé mo ń tọ̀ sí ọkọ̀?"

Bàbá Àgbà dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, a sì gbọ́ ìró àgbàdo tó ń dà sórí sìmẹ́ńtì. Ó jáde pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo.

"Lọ́la," ó ní, "mi ò ní lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fúnkẹ́ náà kò ní lọ. Òun kì í tètè sọ̀rọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ilé wọ aṣọ wọn, wọ́n sì bá píkọ́ọ̀pù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyé fi ọwọ́ pa píkọ́ọ̀pù lórí kó tó wọ inú rẹ̀. Bàbá Àgbà gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìdí ọkọ̀, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú kòtò náà, ó wá gbé àga rẹ̀ jìnnà síbẹ̀, ó jókòó. Ó fi mí sí apá kejì, ó ní kí n máa wo òun, kí n máa wo bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo wò ó tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ń ta mí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ: tó. Ó tún pẹ́: tó.

"Fúnkẹ́, ṣé mo ti dìde?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé ajá ti débẹ̀?"

"Ó wà lórí okùn, Bàbá."

"Fẹ́mi ńkọ́?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Omi tún kán: tó. Bàbá Àgbà gbé fìlà rẹ̀ sókè díẹ̀ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. "Okun o," ó kí i. Ìkíni tí ó fi du ọkọ̀ láti ọjọ́ Ajé, bọ́kẹ́ẹ̀tì ló fún.

Mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ní ìdájí. Ó ní ọ̀pá òun lòun fi ń tẹ ojú igi náà, pé ní gbogbo ìgbà yẹn, ara rẹ̀ kì í le bákan náà, ibì kan wà tó ń gba ọ̀pá bí orí iṣu tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ṣùgbọ́n ó ní kò tíì dá òun lójú. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù: gbogbo ará ilé ló ti dá lójú láti ọjọ́ Ajé, òun tó ń wò ó lójoojúmọ́ ni kò tíì dá lójú.

A gbọ́ ìró píkọ́ọ̀pù kí a tó rí i. Bọ̀dá Sàlíù ló ń wà á. Ayọ̀ ti mú kí bàbá mi gbé kọ́kọ́rọ́ fún un nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin tó ń kọrin kún ẹ̀yìn rẹ̀, Ìyé jókòó láàárín wọn, kò bá wọn gbè é. Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìgò òróró, ó ti ń la Bíbélì bọ̀.

"Pásítọ̀, ẹ dúró ná," Bàbá Àgbà sọ. Ó na ọ̀pá sí bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Dàpọ̀, gbé nǹkan yẹn wá síwájú àwọn èèyàn."

Bàbá mi rí omi pípọ́n tó wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí pa dà. Ó sáré wá, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sínú ilé. Àwọn àlejò wà níbí."

"Gbóòórùn rẹ̀."

"Bàbá, mo gbà fún yín."

"Pásítọ̀, ẹ bá mi gbóòórùn rẹ̀."

Kò sí bí Pásítọ̀ ṣe fẹ́ kọ̀ fún àgbà lójú ìjọ. Ó di Bíbélì mọ́ àyà, ó tẹ̀ sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń tẹ̀ sí kànga, ó fa imú lẹ́ẹ̀kan. Ó tún fà á. "Ìtọ̀ kọ́ o," ó ní. "Igi jíjẹrà ni."

Bàbá Àgbà ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo sọ pé n kò rí kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ibẹ̀, pé láti inú ihò kan lábẹ́ bóòtù ìsàlẹ̀, irin tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀, ni ó ti ń kán. Mo fi kún un pé n kò mọ bí omi náà ṣe débẹ̀, nítorí pé ìyẹn n kò rí i. Lẹ́yìn náà ó ní kí Dàpọ̀ gun ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó nà sẹ́yìn ọkọ̀, kó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kó tún gbé ara kúrò. Ni pátákó ìdí ọkọ̀ bá ń mí. N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi pè é. Bí Dàpọ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ìlà tínínrín kan á là lára fáíbà náà bí ètè. Bó bá gbéra, á pa dé. Wọ́n mú sípánà láti inú píkọ́ọ̀pù, wọ́n tú bóòtù ìsàlẹ̀, omi pípọ́n bí tíì sì tú jáde, pẹ̀lú èérún igi tó rí bí gààrí tí wọ́n rẹ tó sì kan.

Bàbá Àgbà fọwọ́ lé orí ọ̀pá rẹ̀. Ó wo bàbá mi, ó wo Ìyé, ó wo Dàpọ̀ lórí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì. "Ó dáa," ó ní. "Ta ló wá tọ̀ sínú ibẹ̀ yẹn?"

Ẹ̀rín tó bú jáde kò jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí Bọ̀dá Sàlíù ń búra. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ó ní, "Wàlláhì, mi ò mọ̀." Mo gbà pé kò mọ̀, nítorí òun náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hàn wá níbi tó yẹ kí a wò. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ gbé e sílẹ̀. "Hábà, ẹ ti kí i," ó ní. "Ilé yìí ni mo ti máa ń jẹun tí mo bá ti ilé ìwé dé, mo mọ̀ yín. Kábíńtà kí i. Gbogbo àdúgbò kí i. Pásítọ̀ gan-an kí i. Ṣé ẹ fẹ́ gba àdúrà pa dà ni?"

Òótọ́ ló sọ. Mo rí i bí àwọn èèyàn ṣe ń wo ilẹ̀, tí oníkálùkù ń rántí ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ìyé ń wo kọ́kọ́rọ́ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ àjèjì.

"Èmi ò kí i," Bàbá Àgbà sọ.

Bàbá mi yíjú sí i. Mo rí i bí ó ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà wò, "Mo rí i, Mo rí i," bó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ ọjọ́ Ajé. "Òótọ́ ni," ó ní pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. "Bàbá kò kí i."

Ìyé ti bẹ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. "Àgbà ilé kò kí i!" ó ké. "Ọjà tí àgbà ilé kò bá kí, ta ló rà á? Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ mi wá!"

Mo ti bi àwọn àgbà púpọ̀ léèrè láti ìgbà náà wá, ní Kàbà àti lẹ́yìn rẹ̀. N kò rí ẹnì kan tó gbọ́ òfin yẹn rí ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi náà. Ohun tí mo gbà ni pé Ìyé ló ṣe é láàárín ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù àti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn obìnrin orin ní, "Bẹ́ẹ̀ ni!" Pásítọ̀ náà mi orí, Bọ̀dá Sàlíù sì na kọ́kọ́rọ́ sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n ní kó jókòó jẹun. Ó jẹun, ó sì jẹ púpọ̀.

Òróró ti wà lọ́wọ́ Pásítọ̀, kò sì fẹ́ gbé e pa dà sílé. Píkọ́ọ̀pù ni ó yà sí mímọ́. Ó gbàdúrà pé kó máa lọ, kó máa bọ̀, kó má dá dúró lójú ọ̀nà, gbogbo wa sì ṣe àmín tó mi ewé máńgòrò. Ìyé wọ inú rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kò jí. Pásítọ̀ wo òróró, ó wo píkọ́ọ̀pù, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, òun àti ìjọ sì tì í títí dé ojú títì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi lọ jókòó ti Bàbá Àgbà. Ó ní, "Bàbá, láti ọjọ́ Ajé lẹ ti ń fura. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Bàbá Àgbà ń ṣa àgbàdo rẹ̀ pa dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí Ìyé ti fọ̀ tó sì ti sá. Ó ní, "Ìwọ ò bi mí. O ní kí n wá bá ọ yọ̀." Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ṣa àgbàdo pọ̀. Nígbà tó yá, bàbá mi ní iṣu ṣì máa jẹrà ní ìhà Òkè-Bùkún lọ́dún yìí. Bàbá Àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ gidi ni, kó wá ọkọ̀ mìíràn, òun á bá a tẹ̀ ẹ́ wò. Kò rí òmíràn. N kò rò pé ó wá a dénú.

Bàbá Àgbà ti sinmi báyìí. Nígbà tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ lọ́dún tó kọjá, mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan délé, àlòkù ni, mo sì gbé e sórí tábìlì níwájú Ìyé. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ sókè, tí ẹnu rẹ̀ ti ń ṣí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà sókè, ó yí i dà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ láti igun dé igun, ó gbé e sí imú.

"Mi ò tíì kí ọ o," ó ní. "Jẹ́ kó sùn síbí mọ́jú ná."

Ó sì lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù náà wá, ó fi sábẹ́ tábìlì.